Ṣé kí n kúnlẹ̀ fún Màmá ni, àbí kí n kó kúrò nílé?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọmọbìnrin ọdún 27 ni mí. Yàrá kan ni mo gbà nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ ní Ṣómólú, ó ti di ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ mi wà, òkè òkun ni àwọn tó ń gbé e fún mi, nítorí náà òru ni mo ń ṣiṣẹ́, tí mo sì máa ń sùn di aago mẹ́wàá àárọ̀. Màmá kan wà ní yàrá kejì tó ti gbé ilé yìí fún ọdún 31. Wọ́n ní mi ò kí àwọn, bẹ́ẹ̀ mo máa ń mi orí tí mo bá ń kọjá. Wọ́n ní èmi ni mò ń jẹ iná gbogbo ilé torí láptọ́ọ̀pù mi àti sítóòfù oníná tí mo fi ń dáná, bẹ́ẹ̀ àwọn náà ní fírísà tí wọ́n fi ń ta píọ̀ wọ́tà. Nígbà tí fífọ balùwẹ̀ kàn mí, mo sanwó fún ẹnìkan kó bá mi fọ̀ ọ́, ìyẹn náà di ẹjọ́. Aago márùn-ún ìdájí ni àwọn ń gbálẹ̀ tí wọ́n ń kọrin lẹ́nu ilẹ̀kùn mi. Ní ìpàdé ilé tó kọjá, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn kí n bẹ̀bẹ̀. Mo wọlé lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó ń dá mi lóhùn mọ́. Ṣé kí n kúnlẹ̀ ni, àbí kí n kó kúrò?”

Ọmọ mi, mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rẹ́rìn-ín níbi tí o ti ní o wọlé lọ, o ti ilẹ̀kùn. Mo mọ bí ilẹ̀kùn irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ń dún tí èèyàn bá fi ìbínú tì í. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹnu rẹ nìkan ni mo gbọ́, Màmá ò tíì rojọ́ fún mi, nítorí náà bí mo bá ṣì wọ́n rò, kí wọ́n forí jì mí. Ohun tí mo mú wá síbi ọ̀rọ̀ yìí ni ọdún 22 tí mo fi ṣe kiatéka ilé káàkiri Muṣin àti Ṣómólú, àti ọdún 11 tí èmi náà fi jẹ́ ayálégbé nínú yàrá kan ṣoṣo kí n tó di ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn fún owó ilé. Mo ti parí irú ìjà yìí ju iye tí mo lè kà lọ. Mo sì ti dá díẹ̀ níbẹ̀ sódì.

Ìwọ pè é ní ọ̀rọ̀ àgbà àti ọmọdé. Ó dà bíi pé orúkọ yẹn náà ni Màmá ń pè é: àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Ọjọ́ orí wà nínú rẹ̀, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “kò kí mi” wá bá mi, mítà ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, kí n tó béèrè ẹ̀kọ́ ilé. Owó tí ẹnu ò lè sọ, ìwà ló máa ń gbà jáde. Àgbà ò ní dìde láàárín ìpàdé kó ní owó iná ń wọ òun lára, ojú á tì í. Ó rọrùn fún un láti ní ọmọ yìí ò kí òun.

Ní 1996, nílé kan ní Muṣin, èmi gan-an dá irú ẹjọ́ yìí. Ayé NEPA ni, bílì kan ṣoṣo ló ń wá fún gbogbo ilé, póìntì la sì fi ń pín in: gílóòbù póìntì kan, fáànù póìntì kan, fíríìjì póìntì mẹ́ta. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń gba orin sórí kásẹ́ẹ̀tì tà, ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sùn. Bàbá tó jẹ́ àgbà ilé ní òun ló ń mú kí bílì ga, gbogbo wa sì gbà, torí iná rẹ̀ la máa ń rí lábẹ́ ilẹ̀kùn tí a bá jáde tọ̀ lóru. Mo fi póìntì mẹ́rin kún tirẹ̀. Kò janpata, ó kó kúrò lóṣù kejì. Bílì tó tẹ̀lé e ò dín kọ́bọ̀. Áyọ́ọ̀nù ìyàwó Bàbá ló ń jẹ ẹ́: gbogbo àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń bá àdúgbò lọṣọ gba owó, kò sì sí póìntì áyọ́ọ̀nù nínú ìwé tí èmi fúnra mi fi rúlà là. N kò rí ọmọ náà mọ́ láti bẹ̀ ẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a ṣírò tìrẹ. Láptọ́ọ̀pù máa ń fa bíi wáàtì 60. Tí o bá fi ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ lóru, kò pé ìdajì yúníìtì kan, torí wáàtì 1,000 fún wákàtí kan ni yúníìtì kan. Nípa láptọ́ọ̀pù, Màmá ṣì ọ́ rò. Ṣùgbọ́n sítóòfù oníná wáàtì 1,500 tó bá jó fún wákàtí kan ti jẹ yúníìtì kan àbọ̀, ìyẹn iṣẹ́ òru mẹ́ta lórí ìkòkò ẹ̀wà kan, tí ẹ̀wà náà lè má tíì rọ̀. Níbẹ̀ yẹn, wọn ò ṣì ọ́ rò rárá. Fírísà Màmá ńkọ́? Fírísà àtijọ́, pàápàá tí rọ́bà ẹnu rẹ̀ bá ti gbẹ tí atẹ́gùn ń wọ inú rẹ̀, lè jẹ yúníìtì méjì sí mẹ́ta lójúmọ́. Kò sẹ́ni tó ń rí fírísà lóru. Iná abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ ni wọ́n ń rí. Ní April 2024, wọ́n gbé yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní iná wọn gbọ́dọ̀ tó wákàtí 20 lójúmọ́, láti ₦68 lọ sí ₦225 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní iye yẹn, kádì ₦5,000 ò ju yúníìtì 22 lọ, kí wọ́n tó yọ VAT. Kódà ní àwọn ilé tí kò sí ní Band A, láti ìgbà yẹn ni etí ayálégbé ti ń gbọ́ bí mítà ṣe ń dún. Ṣé o rí i pé kò yẹ kó yà ọ́ lẹ́nu pé ìjà dé?

Ìwòsàn tirẹ̀ ò ṣòro bí owó bá wà: kí oníṣẹ́ iná so mítà kékeré mọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan lábẹ́ mítà ńlá, kí oníkálukú san ohun tó jẹ. Bí gbogbo ilé ò bá tíì fẹ́ dáwó, ìwọ ra ti yàrá tìrẹ. Nígbà tí o bá lè na nọ́ńbà sí wọn, ẹnu á dínkù. Àmọ́ múra sílẹ̀ o, torí nọ́ńbà náà lè dá ọ lẹ́bi.

Ó ku ìkíni, mi ò sì fẹ́ kí o rò pé torí mo ti sọ̀rọ̀ mítà, ìkíni ti di ọ̀rọ̀ asán. Yàrá kan ni ìwọ gbà. Ilé ni Màmá gbà. Ẹni tó bá jẹ́ ọjọ́ orí wọn, inú agbo ilé ni wọ́n ti tọ́ ọ, níbi tí gbogbo ilẹ̀kùn ti kọjú sí àgbàlá kan, tí baálé mọ ẹni tó sùn síta. Ilé tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá tí yàrá wà lọ́tùn-ún lósì, èyí tí ẹ ń gbé yìí, ọwọ́ àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó ni wọ́n ní a ti rí i kọ́. Ṣùgbọ́n ìwà agbo ilé làwọn èèyàn wa kó wọ inú rẹ̀. Kò sí ìbátan mọ́, bàbá kan ò bí yín, ìkíni nìkan ló ṣẹ́kù tó ń so yàrá mẹ́jọ pọ̀. Ìwọ kò mọ̀ pé ó wà nínú ohun tí o sanwó fún. Kò sí nínú àgírímẹ́ǹtì lóòótọ́.

Kí n sọ ohun tí mo fi ojú mi rí. Nígbà tí mo ń gbé Muṣin, ọkùnrin kan wà ní yàrá ìkẹyìn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Alẹ́ la máa ń to garawa sílẹ̀ níwájú ẹ̀rọ omi de ìdájí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìlà ń sún, garawa búlúù tirẹ̀ dúró síbi tó wà, à ń fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá kan tó ń ta ògì ló dúró tó ní, “Oníbúlúù ò tíì kí mi lónìí o.” A kanlẹ̀kùn, kò dáhùn, a já a. Ibà ti gbé e ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ètè rẹ̀ ti gbẹ, kò lè fọhùn. Ó yè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé tí àgbà ilé bá ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, orúkọ ló ń pè bíi tíṣà. Ìwọ tí o ń ṣiṣẹ́ lóru tí o ń sùn di aago mẹ́wàá, bí nǹkan bá ṣe ọ́ ní aago méjì òru, ta ni yóò kọ́kọ́ mọ̀? Àwọn ará òkè òkun á rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ ló burú.

Nípa orí tí o ń mì, jọ̀wọ́, jáwọ́ nínú ìyẹn. Àgbà ló ń mi orí dá ọmọdé lóhùn. Tí ọmọdé bá mi orí sí àgbà, àṣẹ ló dà bíi pé ó ń pa. Yọ íápíìsì kan létí. Tí wọ́n bá jókòó, “ẹ kú ìjókòó mà”, tí wọ́n bá ń di omi sínú fírísà, “ẹ kú iṣẹ́ mà.” Kò gba ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Mo sì mọ̀ pé àwọn àgbà kan máa ń fi ìkíni na ọmọlọ́mọ bíi pàṣán: o kí wọn, wọ́n dákẹ́, o tún kí, wọ́n ní ohùn rẹ ò rẹlẹ̀ tó. Bí Màmá bá wà nínú irú wọn, ìkíni rẹ ò ní tán ìjà náà, ṣùgbọ́n ará ilé yòókù á ti gbọ́ pé o kí wọn.

Ohun kan tún wà tí o kò kọ, tí ó dà bíi pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí ọ lójú: kí ni wọ́n rò pé o ń ṣe lóru? Ọmọ tó ń sùn lọ́sàn-án, tó ń jí lóru pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ọ́fíìsì rẹ̀, “yáhù” ni wọ́n á pè é l’Ékòó, tó bá sì jẹ́ obìnrin, wọ́n lè fi èyí tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ kún un. Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Tí ọlọ́pàá bá wọ ilé ní ìdájí nítorí yàrá kan, gbogbo yàrá ni wọ́n ń kàn.

Ẹ̀rù kejì ló jinlẹ̀ jù. Bí ilé yín bá dà bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo mọ̀, owó ilé àtijọ́ ni Màmá ń san lóṣooṣù, ìwọ sì san ti ọdún kan pọ̀ pẹ̀lú kọmíṣàn àti owó àgírímẹ́ǹtì. Ìwọ wò ó pé o sanwó jù wọ́n lọ, kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀. Màmá ń wò ó láti ibòmíràn. Òfin ilé yíyá tí ìjọba Èkó ṣe ní 2011 ní bí àdéhùn ò bá sọ ohun mìíràn, nótíìsì oṣù mẹ́fà ni ẹni tó ń san lọ́dọọdún ní. Ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan péré, lẹ́yìn náà ni onílé á fún un ní ti ọjọ́ méje kó tó gba kóòtù lọ. Ìwọ tó dé lọ́dún tó kọjá ní oṣù mẹ́fà, Màmá tó ti lo ọdún 31 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Gbogbo ìgbà tí yàrá kan bá ṣófo nínú ilé yẹn, tí wọ́n kùn ún, tí wọ́n fi táìsì sílẹ̀, tí ẹni tó lówó lọ́wọ́ wọlé, wọ́n ń ka yàrá tó kù kó kan tiwọn. Ìwọ ni wọ́n ń rí, ṣùgbọ́n ìwé kúùtì nótíìsì ni wọ́n ń wò. Mo ti jẹ́ ẹni tó ń fún àwọn bíi Màmá níwèé yẹn rí, mo sì mọ bí ọwọ́ wọn ṣe ń gbà á.

Balùwẹ̀ ńkọ́? Èmi ò rí ohun tó burú nínú kí èèyàn sanwó fún ẹni tó máa bá a fọ̀ ọ́. Àmọ́ ìyá àádọ́rin ọdún kan, tàbí iye yòówù kí wọ́n jẹ́, ń fi ọwọ́ ara wọn da ísáàlì sílẹ̀, wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ ha á lórí ìdúró, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ọmọ ọdún 27 pe ẹnìkan wá kó bá òun fọ̀ ọ́. Ó jọ pé o ń sọ pé ẹ̀gbin tí wọ́n ń kó kò yẹ ọ́. Ìbá dára ká ní o ti sọ ọ́ ní ìpàdé pé ẹ jẹ́ ká jọ dáwó fún ẹnìkan, kó máa fọ̀ ọ́ fún gbogbo wa, kí Màmá má san. Bóyá ṣì ni.

Ti ìgbálẹ̀ ìdájí, n ò ní purọ́ fún ọ, mi ò mọ bí a ṣe ń dá a dúró. Oorun àgbà kì í pẹ́, ara wọn ló ń jí wọn. Ọmọ ìgbà wolé-wolé sì ni wọ́n, nígbà tí òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó lè yọ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, kó wo ìkòkò omi, kó sì kọ orúkọ bàbá ilé sínú ìwé fún kóòtù. Yí orí bẹ́ẹ̀dì rẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí o sì bẹ̀ wọ́n pé kí orin máa bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì. O ò dárúkọ jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n torí o ń ṣiṣẹ́ lóru, má ṣe gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láéláé, ì báà jẹ́ òjò ló ń rọ̀. Èéfín tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní òórùn, ẹni tó ń sùn kì í jí. Lórí ìyẹn, bí Màmá bá pariwo, ẹ̀yìn wọn ni mo wà.

Wàyí o, ìkúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ kíni yàtọ̀ sí ìkúnlẹ̀ ìdájọ́. Má kúnlẹ̀ ní ìpàdé. Bí o bá kúnlẹ̀ níbẹ̀, o ti gbà pé gbogbo ẹ̀sùn náà jóòótọ́, títí kan ti láptọ́ọ̀pù, ẹ̀bi iná oṣù tó ń bọ̀ á sì tún wà lórí rẹ. Ṣùgbọ́n lọ bá Màmá ní yàrá wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́n bá ti jẹun tán. Kúnlẹ̀ kí wọn bí o ṣe máa kí ìyá ìyá rẹ, má dìde títí wọ́n á fi ní kí o dìde. Bẹ̀ wọ́n fún ohun kan ṣoṣo tí o ṣe lóòótọ́: o kẹ́yìn sí àgbà níbi tí wọ́n ti ń bá ọ sọ̀rọ̀, o ti ilẹ̀kùn. Má fi “ṣùgbọ́n” tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá ti dáhùn, ṣí láptọ́ọ̀pù náà fún wọn, fi iṣẹ́ rẹ hàn wọ́n, kí wọ́n rí i pé iṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ mítà lẹ́yìn náà, kò pọn dandan kó jẹ́ ọjọ́ kan náà. Má gbé ẹ̀bùn olówó ńlá lọ, wọ́n lè rò pé o fẹ́ fi owó dí àwọn lẹ́nu. Búrẹ́dì kan tó.

Ó ṣeé ṣe kó má ṣiṣẹ́. Àgbà kan wà tí mo bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta fún ọmọ ilé rẹ̀ tí kò gbà títí tó fi kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Ìkòròdú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, máa kí wọn, máa kọjá, máa san owó tìrẹ. Láti kó kúrò kì í ṣe ohun kékeré, o máa tún san owó ilé, kọmíṣàn àti àgírímẹ́ǹtì, Màmá mìíràn á sì ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tuntun náà. Ohun tí mo máa kó kúrò nítorí rẹ̀ ni kí wọ́n wọ yàrá mi láìgbàṣẹ, kí wọ́n ti géètì mọ́ mi síta, tàbí kí wọ́n fọwọ́ kàn mí. Òfin 2011 yẹn kan náà ló fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá wà nínú yàrá rẹ láìsí ìyọnu tó kọjá ààlà. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Bí ó bá dé bẹ́ẹ̀, ìjọba Èkó ní ọ́fíìsì ìlàjà tí wọ́n ń pè ní Citizens’ Mediation Centre, wọn kì í gba owó, wọ́n á sì pe tọ̀tún tòsì jókòó. Àmọ́ má ṣe lọ síbẹ̀ kí o tó lọ sí yàrá kejì. Ìwé ìpè tó bá dé bá àgbà láìrò tẹ́lẹ̀, ó máa ń ti ilẹ̀kùn pa.

Kí o tó lọ, ṣe nǹkan kan fún mi. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, máa kọ nọ́ńbà tó wà lójú mítà sílẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lálẹ́, àti nígbà tí o bá parí. Kọ ọjọ́ tí o bá fi sítóòfù náà dáná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fi ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wò ó.